Bí Ẹni Tí Èrò Máa Ń Tètè Sú Ṣe Lè Dágbére Láì Rí Ẹnikẹ́ni Fín

Àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ẹbí, tí wọ́n fẹ́ràn ọ̀rẹ́, tí wọ́n sì máa ń fi tọkàntọkàn lọ síbi tí wọ́n bá pè wọ́n sí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bá èèyàn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, ó máa ń rẹ̀ wọ́n bí ẹni tó ti oko dé. Kì í ṣe pé inú ń bí wọn, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń gbéra ga; ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ara wọn ń béèrè fún. Carl Jung, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ṣàlàyé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1921, ó ní ọkàn àwọn kan kọjú sínú, ọkàn àwọn mìíràn sì kọjú sóde. Ẹ má ṣe fi wọ́n pe onítìjú. Ẹ̀rù ohun tí àwọn èèyàn yóò sọ ló máa ń ba onítìjú, ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń wí yìí lè dìde láàárín èrò kí ó sọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé yóò pàtẹ́wọ́ fún, lẹ́yìn náà ni yóò wá igun kan tí yóò jókòó sí ní òun nìkan.

Ìṣòro irú wọn kì í sábà jẹ́ bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe máa kúrò nídìí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Òmíràn á jókòó títí ojú rẹ̀ á fi fà ro, àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ á sì rò pé àwọn ló ṣẹ̀ ẹ́. Òmíràn á yọ́ jáde láì sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á wá máa wá a kiri, wọ́n á máa bi ara wọn pé ta ló bí i nínú. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì fẹ́ kí ẹ mú lò, ni pé láàárín àwa Yorùbá, lílọ kì í bí èèyàn nínú tó àìdágbére. Ẹni tó bá tọrọ àyè bó ṣe yẹ, tó bọ̀wọ̀ fún ẹni tó jù ú lọ, tó sì gba àdúrà kó tó jáde, lè lọ nígbà tí àríyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, kò sì sí ẹni tí yóò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó fi àwọn tí ojú máa ń tì láti lọ lọ́kàn balẹ̀. Ní ọdún 2021, Adam Mastroianni, Daniel Gilbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí bí ìtàkùrọ̀sọ ṣe máa ń parí. Wọ́n rí i pé nínú 100 ìtàkùrọ̀sọ, bíi 2 péré ló parí ní àkókò tí àwọn méjèèjì tó ń sọ̀rọ̀ fẹ́ kó parí. Ohun tó fà á ni pé olúkúlùkù ń fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ pamọ́, kí inú ẹnì kejì má baà bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró lẹ́nu géètì rí, ní Òṣogbo tàbí ní Abẹ́òkúta, kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún un. Ẹni tó dúró níwájú yín, tí ẹ rò pé kò fẹ́ kí ẹ lọ, ó lè jẹ́ pé ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná, tí kò sì mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Nígbà mìíràn, ẹni tó kọ́kọ́ dágbére ló ṣe èkejì lóore.

Ilé ni ìdágbére ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pè yín síbi ìnáwó tàbí ìpàdé ẹbí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó pè yín ti mọ ìgbà tí ẹ máa lọ: “Ẹ̀gbọ́n, n óò wá o, ṣùgbọ́n aago mẹ́ta ni n óò kúrò níbẹ̀.” Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ tún un sọ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí i tán. Ẹni tó ti gbọ́ aago mẹ́ta láti àárọ̀ kì í yarí nígbà tí aago mẹ́ta bá lù, òun gan-an ló máa ń rán yín létí. Ẹ má sì ṣe wọ ọkọ̀ ẹni tí ẹ mọ̀ pé kì í kúrò lóde títí wọ́n á fi máa ká àga. Ẹ gbé ọkọ̀ tiyín lọ, tàbí kí ẹ mú owó ọkọ̀ dání. Ìjókòó náà ṣe pàtàkì. Lábẹ́ kánópì, àga tó wà létí ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tó wà láàárín tábìlì, tí èèyàn mẹ́fà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde kí ẹ tó ráyè kọjá.

Ohun tó tún ṣòro fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni láti mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dìde. Wọ́n á máa fara dà á títí agbára á fi tán pátápátá, ìgbà náà ni wọn kò ní rí ọ̀rọ̀ dídùn sọ mọ́, tí ìdágbére wọn á sì dà bí ìbínú. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ohùn èèyàn láì gbọ́ ohun tó ń sọ, tàbí tí ẹ ti dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń dáhùn sí, àkókò ti ń kọjá lọ nìyẹn. Ẹ dìde nígbà tí ẹ ṣì lè rẹ́rìn-ín látọkàn wá, nítorí ẹ̀rín yẹn ni wọn yóò fi rántí yín.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́, tí ẹ jọ dúró tí ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti já. Ó máa ń já lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín tán, kí ẹlòmíràn tó mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ohun kan tó fi hàn pé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kí ẹ sì fi ìdágbére tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: “Túndé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó o sọ yẹn, n óò bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́, n óò sì pè ọ́. Jẹ́ kí n máa lọ báyìí.” Ẹni tí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún báyìí kò lè sọ pé ẹ kò ka òun sí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré lẹ dúró, tí ẹ kò sì fẹ́ kí ó dá nìkan wà, ẹ pe ẹlòmíràn mọ́ ọn kí ẹ tó lọ. Ẹ lè sọ pé, “Àǹtí Fúnkẹ́, ẹ wá gbọ́ ohun tí Bọ̀dá ń sọ nípa Ìlọrin, ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀ dáadáa.” Bí àwọn méjèèjì bá ti wọnú ọ̀rọ̀, ẹ kí wọn, kí ẹ sì rọra máa lọ.

Àwọn ìgbà kan wà tí kò yẹ kí èèyàn dìde, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Bí ẹnì kan bá ń sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún yín, ẹ jókòó tì í títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ lọ́wọ́, tí oyin, iyọ̀ àti omi ṣì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, tàbí tí àgbà ń parí ìjà láàárín ẹbí, ẹ ní sùúrù. Ní ilé ọ̀fọ̀ pàápàá, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ wúlò ju aláròyé lọ, nítorí kò sí ohun tí wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀ ju “Ẹ kú ará fẹ́ra kù” lọ. Ìjókòó rẹ̀ níbẹ̀ ti tó.

Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà lẹ ń bá sọ̀rọ̀, ìdágbére ní ètò tirẹ̀, ètò náà sì ń gba ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú sílẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ẹ má ṣe dìde kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Lórí ìjókòó ni kí ẹ ti sọ ọ́: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ yín, kí n lè máa lọ.” Bí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, ẹ dákẹ́. Bàbá lè béèrè pé, “Ṣé kò sí o?” Ẹ fún un ní ìdí kan ṣoṣo: “Kò sí o, sà. Mo fẹ́ tètè dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú ni.” Ó lè tún sọ ìtàn kékeré kan sí i, ẹ gbọ́ ọ, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bi í ní ìbéèrè lórí rẹ̀.

Òpin gbogbo rẹ̀ ni àdúrà. Nígbà tí àgbà bá ti bẹ̀rẹ̀ pé, “Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀, o ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà,” ìjíròrò ti parí nìyẹn, ó kù kí ẹ gba àdúrà náà dáadáa. Kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó tẹ̀ ba, kí ẹ máa ṣe “àmín” tàbí “àṣẹ” sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì wo fóònù. Lẹ́yìn àdúrà, ẹ má ṣe béèrè pé “Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Àkúrẹ́ ńkọ́?” nítorí wákàtí kan mìíràn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sílẹ̀ yẹn. Bí àdúrà bá sì pẹ́ kó tó dé, ẹ̀yin fúnra yín lè bẹ̀bẹ̀ fún un: “Mọ́mì, ẹ wúre fún mi kí n tó máa lọ, mà.” N kò tíì rí àgbà tó gbọ́ ìyẹn tí inú rẹ̀ kò dùn, kò sì sí èyí tó máa dá ẹni tó wúre fún tán dúró mọ́. Bí mo bá ní kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, èyí ni n óò ní kí ẹ mú.

Òde ìnáwó yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ariwo pọ̀ níbẹ̀, olórin ń kọrin, ẹni tó ń náwó kò sì ní àyè láti gbọ́ àlàyé gígùn. Ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kí ẹ ti ṣe ohun tó ṣe pàtàkì. Ẹ lọ kí i kí ẹ tó jókòó, ẹ fún un ní ẹ̀bùn yín fúnra yín, ẹ bá a ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn, kí ẹ sì kí ìyá àti bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí. Ẹni tí wọ́n ti rí tó báyìí, wọ́n ti ka wíwá rẹ̀ sí, ìjókòó wákàtí mẹ́rin nídìí tábìlì kò lè fi ohun púpọ̀ kún un. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ, bí òde náà bá tóbi, ẹ kò ní láti la àárín àwọn tó ń jó kọjá lọ bá ẹni tó ń náwó. Ẹ sọ fún ẹni kan tí wọ́n máa bi léèrè yín, bóyá àbúrò rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń pín oúnjẹ, pé, “Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Bùsáyọ̀ pé mo ti lọ o, ẹ ní mo kí i kú ìnáwó.” Ṣùgbọ́n bí òde náà bá kéré, tí gbogbo èèyàn kò ju ogún lọ, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ lọ kí i lójúkojú. Ẹ má sì ṣe sọ pé “mo ń bọ̀” bí ẹ kò bá ní padà wá, nítorí wọ́n lè máa tọ́jú oúnjẹ àti àga dè yín.

Ní ti àbẹ̀wò sí ilé èèyàn, oúnjẹ ló sábà máa ń dá àlejò dúró. Bí onílé bá ní, “Ẹ jẹun kí ẹ tó máa lọ,” tí ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá jókòó sí oúnjẹ náà, wákàtí kan ti lọ nìyẹn, ẹ má ṣe kọ oúnjẹ rẹ̀. Ẹ ní, “Ẹ bá mi bù ú sínú ike, mà, n óò jẹ ẹ́ nílé.” Inú rẹ̀ yóò dùn pé ẹ gba oúnjẹ òun, ẹ ó sì ti dìde dúró nígbà tí ó bá ń bù ú. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fẹ́ sìn yín sọ́nà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdágbére ti máa ń bàjẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ ní pálọ̀, ẹnu géètì ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́, lórí ìdúró, pẹ̀lú ọwọ́ lára géètì tí ó ṣí díẹ̀ tí kò sì ṣí tán. Ẹ jẹ́ kí ó sìn yín dé ibi kan, nítorí iyì ni fún òun náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ yan ibi tí yóò dúró: “Ẹ dúró síbí, mà, ẹ ti ṣeun. Ẹ padà sídìí àwọn ọmọ.” Kí ẹsẹ̀ yín máa rìn bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ti ọgbà, ọ̀rọ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lórí fóònù, ìwádìí mìíràn ràn wá lọ́wọ́. Ní ọdún 1973, Emanuel Schegloff àti Harvey Sacks, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣàdédé parí: ẹnì kan á kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kékeré tó fi hàn pé kò ní ohun mìíràn láti sọ, èkejì á gbà fún un, ìgbà náà ni àwọn méjèèjì á tó dágbére. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ọ̀rọ̀ kékeré náà pọ̀: “Ó dáa o,” “Kò burú,” “Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n,” àti èyí tó lágbára jù lọ, “Ẹ bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.” Ẹni tó bá ti ní kí ẹ bá òun kí àwọn ará ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣòfò. Ẹ dáhùn pé, “Wọ́n á gbọ́ o, ẹ bá mi kí Bàbá náà,” kí ẹ sì fi “ó dàbọ̀” lé e. Bí ẹ̀yin lẹ bá fẹ́ lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ kíkí sí ará ilé rẹ̀. Fún ẹni tí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìpè: “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ wọlé síbi iṣẹ́ láìpẹ́ o, ṣùgbọ́n mo ní kí n gbọ́ ohùn yín.”

Àwọn kan wà tí wọn kì í gbọ́ ìdágbére. Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣì di ọwọ́ yín mú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi ìdí tuntun kún ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ lọ dáná, wọ́n á béèrè ohun tí ẹ fẹ́ sè. Bí ẹ bá ní ẹ ń lọ sí ọjà, wọ́n á rán yín ní iṣẹ́. Ẹ gbé báàgì yín, ẹ dìde, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní, “Ẹ má bínú, mo ti ń lọ nìyẹn,” kí ẹ sì lọ lóòótọ́. Kò sí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀, bí ohùn yín bá ti tutù. Irọ́ ni mo kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má pa. Ẹni tó ní orí ń fọ́ òun, tí wọ́n wá rí i níwájú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ti ba ìdágbére mẹ́wàá tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́. Ẹ má ṣe fi àìsàn ọmọ tàbí ti òbí ṣe àwáwí láé. A kì í fi ẹnu ara wa pe ibi. “Ó ti rẹ̀ mí díẹ̀, mo fẹ́ lọ sinmi” jẹ́ òtítọ́, ó sì tó fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn yín.

Àwọn tó sún mọ́ yín gan-an, ọkọ, ìyàwó, àbúrò tí ẹ jọ dàgbà, ó yẹ kí ẹ ṣàlàyé ìwà yín fún wọn ní ọjọ́ tí kò sí òde kankan, kí wọ́n má baà máa rò pé àwọn ẹbí àwọn lẹ ń sá fún. Tọkọtaya lè jọ ṣe àdéhùn pé bí ọ̀kan bá fọwọ́ kan èkejì léjìká, ó ti tó àkókò láti lọ, tàbí kí wọ́n gbà pé ọ̀kan yóò máa lọ sílé, èkejì yóò sì jókòó títí di ìparí, tí yóò sì máa sọ fún àwọn tó bá béèrè pé, “Ó ti kí gbogbo yín kí ó tó lọ.”

Ọjọ́ kejì ṣì wà, èyí sì ni apá tí ẹni tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti lè ṣe dáadáa ju aláròyé lọ. Ní àárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pe onílé tàbí kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i: “Ẹ kú àná o, mà. Ẹ kú ìnáwó, a ó fi ayọ̀ ṣe òmíràn. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ nípa bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.” Ẹ dárúkọ ohun kan pàtó tí ẹ rí tàbí tí ẹ gbọ́ níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí ẹ fi wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ọkàn yín wà. Ọ̀pọ̀ tó jókòó títí di ọ̀gànjọ́ kò ní rántí ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìnáwó mìíràn bá sì tó, ẹ̀yin ni wọn yóò kọ́kọ́ pè.